Kíbọ́ọ̀dù Níwájú Dísìkì Àdììtú: Àgbéyẹ̀wò Ìṣòro Ọ̀rọ̀ Aṣínà Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Tàn

Dísìkì àdììtú ni dísìkì tí wọ́n ti yí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ padà débi pé ẹnikẹ́ni kò lè kà á, àfi ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Lórí Linux, LUKS ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ yìí. Clemens Fruhwirth ló gbé e kalẹ̀, orí dm-crypt tó wọ inú kernel Linux, ọkàn ètò náà, ní 2004 ló sì dúró lé. Kọ̀ǹpútà tó ní irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kì í tàn dé òpin láìbéèrè nǹkan. Á dúró lágbedeméjì, á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, á sì máa retí ohun tí ìka máa tẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: kíbọ́ọ̀dù tó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá kò dáhùn mọ́, tàbí kẹ̀, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń takú pé ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà kò tọ̀nà.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó wà ní títì ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí èèyàn lè fi tún un ṣe wà. Dráífà kíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, fáìlì tó sọ irú ìtò bọ́tìnnì tí onílé ń lò wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n kó síta ni kọ̀ǹpútà lè lò kí dísìkì tó ṣí. Ọ̀pọ̀ àkókò tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fi ṣòfò lórí ìṣòro yìí, ibi tí kò bàjẹ́ ni wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣíwájú gbogbo ìbéèrè yòókù: ètò wo gan-an ló ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà báyìí?

Láti ìgbà tí iná bá ti wọ kọ̀ǹpútà títí di ìgbà tí dísìkì bá ṣí, ọwọ́ méjì ni kíbọ́ọ̀dù ń gbà kọjá. BIOS tàbí UEFI, ètò inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló kọ́kọ́ mú un. Èyí ní dráífà kékeré tirẹ̀, GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde, ló tẹ̀lé e, kì í sì sábà lo dráífà tara rẹ̀. Ti UEFI ló ń yá lò. Nígbà tí GRUB bá gbé kernel dìde, ìyáni-lò yẹn parí. Kernel á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíbọ́ọ̀dù lákọ̀tun bí ẹni tí kò rí i rí. Dráífà tí yóò fi rí i gbọ́dọ̀ wà nínú kernel fúnra rẹ̀ tàbí nínú initramfs, ìyẹn àpò fáìlì kékeré tí wọ́n ń gbé sínú ìrántí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú kernel.

Ìfiléni-lọ́wọ́ yìí ni àmì tó dára jù lọ fún ẹni tó ń wádìí. Bí bọ́tìnnì olófà bá ń gbéra lókè-sódò nínú àkójọ GRUB, tí kíbọ́ọ̀dù wá dákẹ́ nígbà tí ìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yọ, kò sí ohun tó ṣe wáyà tàbí kíbọ́ọ̀dù: dráífà ni initramfs kò ní. Bó bá jẹ́ inú GRUB ló ti dákẹ́, tó sì jí nígbà tí kernel dé, inú BIOS ni kí wọ́n lọ wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ń sọ ẹni tó ń béèrè. GRUB máa ń kọ "Enter passphrase for hd0" pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan, kí àkójọ rẹ̀ tó yọ rárá. Initramfs Debian àti Ubuntu, ẹ̀yà Linux méjì, máa ń kọ "Please unlock disk" àti orúkọ bíi nvme0n1p3_crypt. Níbi tí kernel bá ti gba ọ̀pá àṣẹ, kí wọ́n tẹ Caps Lock tàbí Num Lock: bí iná orí rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú, kernel ti rí kíbọ́ọ̀dù náà, ẹjọ́ mìíràn ló kù.

Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni àìsàn. GRUB kì í fi nǹkan kan hàn bí èèyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí ìràwọ̀, kò sí àmì kankan, ojú ibi tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí kì í sún. Bákan náà ni Debian ń ṣe nígbà tí kò bá sí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á tẹ ìdajì, á rò pé kíbọ́ọ̀dù ti kú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà á sì di ìdajì pẹ̀lú odindi. Kí ó kúkú tẹ Enter, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Debian ń fàyè gbà kó tó jáwọ́. Ètò tí systemd, olùdarí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ Linux, ń lò ń fi ìràwọ̀ hàn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ Tab á pa ìràwọ̀ náà.

Ìdúró tó ń tẹ̀lé Enter náà ń dẹ́rù bani láìnídìí. LUKS2, tó dé pẹ̀lú cryptsetup 2.0 ní 2017, ń lo ìṣirò Argon2 tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lọ́ra, kí ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà má bàa lè dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 ni wọ́n ṣe é fún lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dá a, ó sì lè gba ìrántí tó tó 1 GiB. Ti GRUB tún lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọgbọ́n ìyára tí kernel ní kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí GRUB kọ́kọ́ gba LUKS2 ní ẹ̀dà 2.06, ní 2021, PBKDF2, ìṣirò tó ṣáájú Argon2, nìkan ló mọ̀. Dísìkì tí wọ́n fi Argon2 ṣe kò lè ṣí níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ aṣínà tilẹ̀ tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí kíbọ́ọ̀dù tó lè yanjú ìyẹn.

Nígbà mìíràn, ìbéèrè ti yọ, ojú kọ̀ǹpútà ni kò fi hàn. Plymouth, ètò tó ń ya àwòrán ìbẹ̀rẹ̀, lè bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Esc máa ń ṣí aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Bí kò bá ṣí, kí wọ́n tẹ lẹ́tà e lórí àkójọ GRUB, kí wọ́n wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kí wọ́n yọ quiet àti splash kúrò, kí wọ́n sì tẹ Ctrl+X. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò kọ nǹkan kan sórí dísìkì. Bí dráífà kíbọ́ọ̀dù bá wà ṣùgbọ́n dráífà àwòrán ló kùnà, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, síbẹ̀ ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà nínú òkùnkùn náà á rí i pé dísìkì ṣí. Lórí kọ̀ǹpútà ìpèsè, ohun mìíràn tún wà: bí console=ttyS0 bá jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn lórí ìlà àṣẹ kernel, ihò sérìá ni ìbéèrè ń lọ, ẹni tó jókòó síwájú síkírìn kò ní rí nǹkan kan.

Ti BIOS kò gùn. Ibi méjì ló ń fa ìdákẹ́jẹ́ jù níbẹ̀: Fast Boot, tó ń fo yíyẹ USB wò kí kọ̀ǹpútà lè tètè tàn, àti àyè tí wọ́n ń pè ní Legacy USB Support tí ẹnì kan ti pa. Kíbọ́ọ̀dù tó gba inú họ́ọ̀bù tàbí dọ́ọ̀kì kọjá lè má tètè hàn. Kí wọ́n so ó mọ́ ihò ara kọ̀ǹpútà gan-an, pàápàá ihò USB 2.0 bó bá ní i. Àwọn kíbọ́ọ̀dù eléré náà ní ìṣòro tiwọn. BIOS ń bá kíbọ́ọ̀dù USB sọ̀rọ̀ ní èdè kékeré kan, báìtì 8 fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò lè gbà ju bọ́tìnnì 6 lẹ́ẹ̀kan náà lọ yàtọ̀ sí Shift, Ctrl àti ẹgbẹ́ wọn. Kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣògo pé òun lè ka gbogbo bọ́tìnnì pa pọ̀ lè má gbọ́ èdè yẹn dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní súwíìṣì tí wọ́n kọ BIOS sí lára. Bí GRUB bá sì gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò tọ̀nà, kì í sábà béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Grub rescue ló ń já èèyàn sí. Níbẹ̀, cryptomount -a á tún béèrè, insmod normal àti normal á sì dá àkójọ padà.

Inú initramfs ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń parí sí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti fara balẹ̀ jù. Kíbọ́ọ̀dù USB nílò ju dráífà kan lọ: xhci_pci fún ihò USB fúnra rẹ̀, usbhid àti hid_generic fún kíbọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù ara ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, bó tilẹ̀ dà bíi pé inú kọ̀ǹpútà ló wà, ọ̀nà PS/2 àtijọ́ ló ń gbà, i8042 àti atkbd ló sì ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn alágbèéká tuntun kan ti fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún I2C, àwọn yìí ń fẹ́ i2c_hid_acpi, wọ́n sì sábà ń fẹ́ intel_lpss_pci pẹ̀lú rẹ̀. MacBook tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń gba ọ̀nà SPI ń fẹ́ applespi, èyí tó wọ kernel ní ẹ̀dà 5.3, ní 2019. Àwọn Surface kan ti Microsoft ń fẹ́ surface_aggregator àti surface_hid. Kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà Logitech tó ní ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ USB lè fẹ́ hid_logitech_dj. Ti Bluetooth ló burú jù, nítorí pé ìdè rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wà lórí dísìkì tó wà ní títì. Ẹni tó bá gbára lé e nìkan níwájú LUKS ń wá ìjọ̀gbọ̀n.

Báwo ni dráífà ṣe ń sọnù? Ìfowópamọ́ àyè ló ń fà á. Àwọn ètò tó ń kọ́ initramfs lè wo ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ, kí wọ́n kó dráífà ìyẹn nìkan. Nínú àwọn ẹ̀yà Linux, Arch ń pè é ní autodetect, dracut ti Fedora ń pè é ní hostonly, Debian ní MODULES=dep, bó tilẹ̀ jẹ́ pé MODULES=most, èyí tó lawọ́ jù, ni Debian fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba kernel tuntun láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí kíbọ́ọ̀dù kankan kò sí lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, á kọ́ initramfs tí kò mọ kíbọ́ọ̀dù. Kò ní hàn lọ́jọ́ náà. Ó lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí NEPA á fi mú iná lọ tí kọ̀ǹpútà á sì tún tàn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kernel àtijọ́ tó ṣì wà nínú àkójọ GRUB ni àbáyọ tó yá jù. Lórí Arch, àwòrán fallback, níbi tí wọ́n bá ṣì ń kọ́ ọ, kì í lo autodetect.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le lẹ́yìn tí èèyàn bá ti wọlé. Lórí Debian àti Ubuntu, wọ́n á kọ orúkọ dráífà sínú /etc/initramfs-tools/modules, wọ́n á sì ṣe update-initramfs -u -k all. Lórí Arch, nínú /etc/mkinitcpio.conf, keyboard gbọ́dọ̀ ṣíwájú autodetect lórí ìlà HOOKS, keymap tàbí sd-vconsole sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú encrypt tàbí sd-encrypt. Mkinitcpio -P ló ń parí rẹ̀. Lórí Fedora, add_drivers nínú fáìlì kan ní /etc/dracut.conf.d ni, lẹ́yìn náà dracut -f. Lsinitramfs tàbí lsinitrd máa ń fi ohun tó wà nínú àpò hàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì yára dá ẹjọ́ bí kò bá rí orúkọ kan níbẹ̀: dráífà mìíràn wà nínú kernel gan-an, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú modules.builtin.

Ẹ̀ka kejì ìṣòro náà ni kíbọ́ọ̀dù tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń sọ ohun mìíràn. LUKS kò mọ lẹ́tà. Báìtì ló mọ̀, báìtì tí bọ́tìnnì bá mú wá sì lọ́wọ́ sí irú ìtò bọ́tìnnì tí initramfs tàbí GRUB gbà gbọ́. Ti Amẹ́ríkà ni GRUB ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i. Èyí kò dun ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun onítò Amẹ́ríkà l'Ékòó. Ó ń dun ẹni tó ra tòkúnbọ̀ láti Jámánì, tí Y àti Z ti pààrọ̀ àyè, tàbí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Shift+2 jẹ́ àmì ọ̀rọ̀ sísọ dípò @. Ó ń dun ará Kútọnu, Pọ̀tọ̀nọ́fò àti Lomé jù, nítorí AZERTY ti Faransé ni kíbọ́ọ̀dù wọn. Ẹni tó bá tẹ maza2 lórí AZERTY níwájú ètò tó rò pé ti Amẹ́ríkà ni, ohun tí ètò náà gbà ni ;qwq@. Nọ́ńbà 2 pàápàá yí padà, nítorí Shift ni AZERTY fi ń tẹ nọ́ńbà. Àmì ìkọ̀ tí onítọ̀hún sì ń rí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà: "No key available with this passphrase."

Ìdánwò kan wà tó ń fi òtítọ́ hàn. Bí initramfs bá jáwọ́, tó sì já èèyàn sí ibi tó kọ (initramfs), ohun tí wọ́n bá tẹ̀ níbẹ̀ ń hàn. Kí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà àti àmì tó wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, kí wọ́n dà wọ́n rú kí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn má bàa kó o, kí wọ́n sì wo ohun tó jáde. Lórí Debian, ìtò bọ́tìnnì ń wá láti /etc/default/keyboard, KEYMAP=y nínú initramfs.conf ló sì ń ní kí wọ́n kó o sínú àpò. Fedora àti Arch ń ka /etc/vconsole.conf, rd.vconsole.keymap=fr lórí ìlà kernel lè gba ará Bẹ̀nẹ̀ sílẹ̀ lórí Fedora láìtún nǹkan kan kọ́. Ẹ̀tàn kan wà nínú àtúnṣe yìí o. Bó bá jẹ́ pé ìtò Amẹ́ríkà ló wà lórí ètò ìfisórí-kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n dá dísìkì, nígbà tí AZERTY wà lábẹ́ ìka, ;qwq@ gan-an ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí LUKS fi pamọ́. Yóò máa ṣí fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà, títí ẹnì kan á fi "tún" ìtò bọ́tìnnì ṣe.

Ẹni tó ń fi lẹ́tà Yorùbá alámì ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tún ní ìjọ̀gbọ̀n tirẹ̀. Linux ní ìtò bọ́tìnnì Yorùbá lábẹ́ ti Nàìjíríà, ng, fún ojú iṣẹ́ aláwòrán. Ṣùgbọ́n Unicode kò ní àyè ẹyọ kan fún ẹ́ tó ní àmì lábẹ́ àti lórí pọ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ bí ẹ tí àmì òkè tẹ̀lé, báìtì 5. Bí é tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé, báìtì 4. Tàbí bí e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀lé, èyí tó wù kó ṣíwájú, báìtì 5 kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú LUKS, ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí pé kì í sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe cryptsetup fúnra wọn gbani nímọ̀ràn pé kí ọ̀rọ̀ aṣínà má kúrò nínú ASCII. Ó dunni láti sọ fún òǹkọ̀wé Yorùbá pé kí ó yọ àmì, ṣùgbọ́n níbí yìí, ìmọ̀ràn náà tọ̀nà.

Bí gbogbo ọ̀nà bá dí, USB tó ní Linux tó lè tàn fúnra rẹ̀ ni ìgbàlà. Láti orí rẹ̀, cryptsetup open pẹ̀lú --test-passphrase á sọ bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà tọ̀nà láìṣí nǹkan kan. Bó bá gbà á, dísìkì kò ní àìsàn. Ẹni tó fẹ́ tún initramfs Debian kọ́ láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí dísìkì pẹ̀lú orúkọ gan-an tó wà nínú /etc/crypttab, kó tó gbé e sójú ọ̀nà tó sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú chroot. Bí orúkọ bá yàtọ̀, initramfs tuntun lè jáde láìmọ̀ rárá pé dísìkì kan wà láti ṣí. Kí wọ́n fi luksHeaderBackup pa orí dísìkì mọ́ síbòmíràn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n sì sá fún luksFormat bí ẹni sá fún ejò.

Ìṣòro yìí kò mọ sórí Linux. BitLocker ti Windows ń ka PIN tó ní lẹ́tà pẹ̀lú ìtò Amẹ́ríkà kí Windows tó dé, ó sì gba F1 dé F10 dípò nọ́ńbà fún kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà oní-nọ́ńbà 48, èyí tó yọ AZERTY nínú ewu. VeraCrypt, ètò àdììtú mìíràn, ń fipá gbé kíbọ́ọ̀dù sórí ìtò Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bá ń dá ọ̀rọ̀ aṣínà dísìkì ìbẹ̀rẹ̀, kí ohun tí ìka tẹ̀ lọ́jọ́ náà lè bá ti ọ̀la mu. Ní oṣù Kẹwàá 2025, àtúnṣe KB5066835 fún Windows 11 pa kíbọ́ọ̀dù àti mọ́ọ̀sì USB níbi ìgbàlà Windows, ibi tí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker lè bá ara rẹ̀. Microsoft fi KB5070773 tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àìsàn kan náà ni ti initramfs tí kò ní dráífà.

Àwọn ètò kéékèèké tó ń ka bọ́tìnnì nípele yìí kò sì fìgbà gbogbo gbọ́n. Ní 2015, Hector Marco àti Ismael Ripoll fi hàn pé ẹni tó bá tẹ Backspace nígbà 28 níbi tí GRUB ti ń béèrè orúkọ lè kọjá láìní ọ̀rọ̀ aṣínà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi hàn pé títẹ Enter mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 70 níwájú ìbéèrè LUKS á já èèyàn sí ibi àṣẹ ọ̀gá nínú initramfs. Dísìkì kò ṣí o, ṣùgbọ́n ohun tó wà níta rẹ̀ kò ní ààbò mọ́. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe.

Ọ̀nà wà láti dín ìgbẹ́kẹ̀lé lórí kíbọ́ọ̀dù kù. Dropbear-initramfs ń jẹ́ kí wọ́n gba SSH wọlé láti kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì fi cryptroot-unlock ṣí dísìkì. Kọ̀ǹpútà ìpèsè tí kò sẹ́ni tó ń jókòó tì ló yẹ jù. Systemd-cryptenroll, tó dé pẹ̀lú systemd 248 ní 2021, lè so dísìkì mọ́ TPM2, ẹ̀rọ ààbò inú kọ̀ǹpútà, tàbí kọ́kọ́rọ́ FIDO2. Ṣùgbọ́n TPM lè kọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe BIOS, kíbọ́ọ̀dù á sì tún di dandan, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà kò ṣeé fi sílẹ̀. Èyí tí systemd ń ṣe fúnra rẹ̀ gùn tó lẹ́tà 64, ó sì ní ọgbọ́n nínú: lẹ́tà 16 péré tí àyè wọn kì í yí padà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kíbọ́ọ̀dù, láti Amẹ́ríkà dé Faransé àti Jámánì, ló fi kọ ọ́. Dáàṣì tó wà láàárín wọn ni kì í dúró sójú kan, ó sì gbà kí wọ́n fò ó. LUKS2 ní àyè fún kọ́kọ́rọ́ tó tó 32, LUKS1 ní 8. LuksAddKey ń fi òmíràn kún un láìyọ ti àkọ́kọ́. Níwájú ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti dán kọ́kọ́rọ́ tuntun wò kí wọ́n tó pa ti àtijọ́ rẹ́, torí pé ìdánwò lórí ojú iṣẹ́ aláwòrán, ìtò bọ́tìnnì ibẹ̀ ló ń dán wò.